Ó Gbọ́ Ìpè, Kò Gbọ́ Ọ̀rọ̀

Ìdánwò etí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ kò ju ìpè lọ. Bí ọmọ kò bá tètè sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ á lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, á pàtẹ́wọ́ tàbí kó ju ìdérí ìkòkò sílẹ̀. Bí ọmọ bá ti yíjú padà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bí bàbá àgbàlagbà bá ń ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ wí, àwọn ọmọ á pè é láti yàrá kejì. Bó bá dáhùn, wọ́n á ní agídí ló ń ṣe é. Ní Ọjọ́ta nílùú Èkó, níbi tí kọndọ́ ti ń pe Ìkòròdú, Kétu àti Mile 12 láti ìdájí títí alẹ́ fi ń lẹ́, tí àwọn tó ń ta àgbo jẹ̀dí ti gba ohùn ara wọn sílẹ̀ sínú gbohùngbohùn tí kì í sinmi, ó rọrùn láti gbà pé ẹni tó bá ṣì ń gbọ́ gbogbo ariwo yẹn, etí rẹ̀ yè kooro. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé ìdánwò ìpè yìí ń tàn wá jẹ. Ènìyàn lè máa gbọ́ ìpè kó má gbọ́ ọ̀rọ̀. Etí kì í dí lọ́nà kan ṣoṣo, ibi tó ti dí ló sì ń sọ ohun tí a lè ṣe sí i. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ibẹ̀, bó ti wù kí ìrírí rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹni tó bá ń tọ́jú etí tí wọn kò tíì yẹ̀ wò, ó kàn ń dán nǹkan wò ni, etí náà ló sì máa san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ohùn kan wọlé. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e gba ihò etí, títí tó fi máa kan awọ ìlù etí, tí awọ náà á sì gbọ̀n. Lẹ́yìn awọ yìí ni yàrá kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, níbi tí eegun mẹ́ta tó kéré jù lọ nínú ara ènìyàn ti so kọ́ra wọn. Àwọn eegun wọ̀nyí ló ń gba gbígbọ̀n náà lọ́wọ́ awọ ìlù, tí wọ́n ń fi í jíṣẹ́ fún etí inú. Omi ló kún inú etí inú. Nínú omi yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-tìn-tín wà, tí iye wọn tó nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá mì, irun wọn á tẹ̀, wọ́n á ta iná kékeré sí iṣan, iṣan á gbé e lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ ló wá ń mọ̀ pé orúkọ òun ni wọ́n pè. Ìrìn-àjò yìí pín sí méjì, ìpín méjì yìí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ nípa etí dídí dúró lé. Láti ihò etí dé orí eegun mẹ́ta jẹ́ ọ̀nà. Láti inú omi dé ọpọlọ ni ibi tí ohùn ti ń di ìmọ̀. Bí ọ̀nà bá dí, etí inú wà láàyè, ohùn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí etí inú tàbí iṣan rẹ̀ bá bàjẹ́, ọ̀nà lè mọ́ tónítóní, ohùn á dé, kò sì ní bá ẹni tó máa gbà á. Àwọn kan wà tí méjèèjì bá pọ̀, ọ̀nà dí, inú náà sì bàjẹ́.

Èyí tó dí ní ọ̀nà ló pọ̀ jù láàrin àwọn ọmọ wa, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe. Èérí etí lè ki pọ̀ kó dí ihò pátápátá. Ọmọ lè ki ẹ̀wà, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀já rọ́bà bọ inú rẹ̀. Kátá tí kò lọ lè mú kí omi dúró lẹ́yìn awọ ìlù. Awọ náà lè lu nítorí pé etí ń ṣọyún, ó sì lè bẹ́ nítorí ìgbátí ẹyọ kan, yálà olùkọ́ ló gbá a, òbí ni, tàbí agbèrò ní gáréèjì. Nínú ìwádìí kan tí Bọ́lájókò Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàrin àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, nǹkan bí ọmọ 14 nínú 100 ni ìgbọ́ràn wọn kò pé, èérí sì dí etí ju ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò lọ. Kí a ronú sí i dáadáa: àwọn ọmọ yìí wà nínú kíláàsì, wọ́n ń dáhùn ‘present’ bí wọ́n bá pe orúkọ wọn, olùkọ́ sì lè máa pe àwọn kan nínú wọn ní olódo. Kọ́tìn bọ́ọ̀dù, ìyẹ́ adìyẹ àti ìdérí bírò tí a fi ń ro etí sì máa ń ti èérí náà wọ inú sí i ni. Epo gbígbóná tí a ń kán sínú etí tó ń ṣọyún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé awọ tó yẹ kó dá a dúró ti lu, inú yàrá eegun ló ń lọ tààrà. Irú etí bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí ó gbẹ ni, ó sì ń fẹ́ dókítà, torí pé ọyún tó pẹ́ níbẹ̀ lè jẹ eegun, ó tilẹ̀ lè dé ọpọlọ.

Èyí tó bàjẹ́ nínú ni kì í sábà padà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá kú nínú etí ènìyàn, àwọn mìíràn kì í hù dípò wọn. Ọjọ́ orí ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀, ariwo ń pa wọ́n, àrùn yírùnyírùn, ṣẹ́gẹdẹ̀ àti èéyi lè pa wọ́n lọ́jọ́ díẹ̀. Àwọn oògùn kan ń pa wọ́n pẹ̀lú, pàápàá gentamicin àti streptomycin tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, bí òṣùwọ̀n bá kọjá tàbí tí kíndìnrín kò bá lè gbọn oògùn náà dànù. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kẹ́míìsì láìrí dókítà. Ti ìkókó tún ní tirẹ̀. Ọmọ tí kò tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, nítorí pé èémí kò tètè dé, wà nínú ewu. Ọmọ tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà wà nínú ewu, nítorí pé ohun tó ń sọ ara di pípọ́n yẹn lè wọ ọpọlọ, kó sì ba iṣan ìgbọ́ràn jẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọmọkùnrin márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ wọn ṣaláìní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì fa òórùn káńfọ̀ tí a kó sínú aṣọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, kí ara rẹ̀ sì pọ́n kíákíá. Oòrùn àárọ̀ tí a ń gbé ọmọ sí kò lè kápá èyí tó ti le. Ilé ìwòsàn ní iná tí wọ́n ń tẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, bó bá sì le jù bẹ́ẹ̀ wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ló lè wà láàrin ọmọ tó máa gbọ́ràn àti èyí tí kò ní gbọ́.

Báwo wá ni ẹni tó jókòó síwájú wa ṣe máa mọ̀ bóyá ọ̀nà ló dí ni tàbí inú ló bàjẹ́? Níbí ni ọgbọ́n ìdánwò etí ti dùn mọ́ mi jù lọ, torí pé orí òtítọ́ kan tó rọrùn ló dúró lé. Ohùn kì í gba afẹ́fẹ́ nìkan wọlé. Ó lè gba inú eegun orí lọ bá etí inú tààrà, láìdé ihò etí, láìkan awọ ìlù. Ní ọdún 1855 ni dókítà ará Jámánì kan, Heinrich Adolf Rinne, ṣàlàyé ìdánwò kan tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Dókítà á lu irin kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ là sí méjì kó lè máa dún, á fi ìdí rẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí, lẹ́yìn náà á gbé e wá sí iwájú ihò etí, á sì béèrè ibi tó ti dún jù. Etí tó yè á gbọ́ ti iwájú ju ti ẹ̀yìn lọ. Bó bá jẹ́ pé ti ẹ̀yìn, èyí tó gba eegun, ló dún jù, a jẹ́ pé ọ̀nà dí, ṣùgbọ́n etí inú wà láàyè. Ìdánwò kejì tó jọ ọ́ ni pé kí wọ́n fi ìdí irin náà ti àárín iwájú orí. Bí etí kan ṣoṣo bá dí ní ọ̀nà, ó máa ń ya aláìsàn lẹ́nu pé inú etí tó dí gan-an ni ohùn náà lọ. Bó bá jẹ́ inú ló bàjẹ́, etí tó dára ló máa gbọ́ ọ jù. Irin kan, ìṣẹ́jú kan, kò lo iná mànàmáná, ó sì ti sọ ohun tí ogún ọdún ìpè láti yàrá kejì kò lè sọ.

Irin kò lè sọ bí ó ti dí tó, ìyẹn ni iṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n á mú ènìyàn jókòó nínú yàrá kékeré tí ariwo kò lè wọ̀, wọ́n á fi hẹ́dífóònù sí i létí, wọ́n á fún un ní bọ́tìnnì tí yóò máa tẹ̀ nígbàkígbà tó bá gbọ́ ohùn, bó ti wù kí ó rẹlẹ̀ tó. Ohùn náà ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó nípọn, 250 Hertz, títí dé èyí tó tín-ín-rín gan-an, 8,000 Hertz. Lórí ohùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dín kíkan rẹ̀ kù títí wọ́n fi máa rí ibi tó kéré jù tí etí ti lè gbọ́ ọ, wọ́n á sì fi dẹ́síbẹ̀lì wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á bọ́ hẹ́dífóònù kúrò, wọ́n á fi ohun kékeré kan tó ń gbọ̀n ti eegun ẹ̀yìn etí, wọ́n á tún un ṣe. Bí wọ́n bá ń dán etí kan wò, wọ́n lè fi ariwo fùù-fùù díẹ̀ sínú èkejì kó má baà ràn án lọ́wọ́; kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Gbogbo èsì náà á wà lórí ìwé kan tí wọ́n fà nílà: àmì òdo pupa dúró fún etí ọ̀tún, àmì X aláwọ̀ búlúù fún etí òsì. Bí ìlà bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó ni ìgbọ́ràn ṣe dín kù tó. Bí ohùn tó gba afẹ́fẹ́ kò bá di gbígbọ́ títí ó fi dé 50, tí èyí tó gba eegun sì di gbígbọ́ ní 10, àlàfo 40 tó wà láàrin wọn ni ọ̀nà tó dí. Bí méjèèjì bá jọ dé 50, kò sí àlàfo, inú ló bàjẹ́. Bí ti eegun bá wà ní 30, tí ti afẹ́fẹ́ sì wà ní 60, méjèèjì ti dàpọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2021, ohun tí kò tó 20 ni ìgbọ́ràn tó pé. Láti 20 sí 34 ti dín díẹ̀, ó sì ń le sí i ní ìpele-ìpele títí dé 95, níbi tí a ti lè sọ pé etí kò gbọ́ mọ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó wà ní 40 á dáhùn bí a bá ké pè é. Àwọn ìdánwò mìíràn tún wà, irú èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú ihò etí láti mọ̀ bóyá awọ ìlù ń mì tàbí omi wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò dunni, kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Níbi tí ìlà náà ti já sísàlẹ̀ ṣe pàtàkì bí iye tó já. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà àti àwọn tí ariwo ti ba etí wọn jẹ́, apá ohùn tó nípọn máa ń dára, apá tó tín-ín-rín ni yóò já. Ohun tí èyí ń ṣe sí ẹni tó ń sọ Yorùbá yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tó wà lórí ọ̀rọ̀ wa, àti àwọn fáwẹ́lì, inú apá tó nípọn ni agbára wọn pọ̀ sí. Kọ́ńsónáǹtì bíi f, k, s, ṣ àti t ló ń gbé nínú apá tó tín-ín-rín. Nítorí náà, bí a bá sọ pé ẹ̀kọ́, ẹ̀fọ́, ẹ̀tọ́ tàbí ẹ̀ṣọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohùn ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pérépéré, ọ̀rọ̀ gan-an kò ní dé, àfi bí ìgbà tí gángan bá sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ ibi tí onílù ń lọ. Á máa fojú wo ẹnu wa, á fi àbá gbé e, ìgbà mìíràn á bọ́ sí i, ìgbà mìíràn á dáhùn òdì. Á ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sọ̀rọ̀ sínú, pé wọn kì í la ẹnu. Ohùn ọkùnrin á máa yé e ju ti obìnrin àti ọmọdé lọ, ìyàwó rẹ̀ á wá rò pé ọkọ òun ni kò fẹ́ gbọ́ tòun. Bí wọ́n bá sì kígbe mọ́ ọn, á bínú pé kí wọ́n má pariwo mọ́ òun. Kò purọ́: etí tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kì í gbọ́ ohùn kékeré, ṣùgbọ́n ohùn ńlá ń dùn ún bó ti ń dun gbogbo ènìyàn, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mélòó nínú ìjà ilé ni ìwé ìlà kan ì bá parí!

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ọ̀rọ̀ ariwo kò kan àwọn, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì Ọjọ́ta, etí àwọn ti mọ́ ọn lára. Etí kì í mọ́ ariwo lára. Bí ariwo tó ń dun ènìyàn tẹ́lẹ̀ kò bá dùn ún mọ́, ohun tó yẹ kó bẹ̀rù ni, torí ó lè jẹ́ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ráhùn ti kú. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé etí lè fara da 85 dẹ́síbẹ̀lì fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Bí ariwo bá fi 3 lé sí i, àkókò náà dín sí ìdajì, nítorí pé 3 dẹ́síbẹ̀lì túmọ̀ sí kí agbára ohùn di ìlọ́po méjì. Ní 100, kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹ wá fi èyí wọn ojúmọ́ ẹni tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ní Mile 12, wẹ́dà àti panẹbítà, ẹni tó ń to irin jọ láàrin katakata ní ààtàn Olúṣòsùn, kọndọ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì dánfó, ọmọ tó sùn ti fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún sí, àti ọ̀dọ́ tó ki íyàpíìsì bọ etí kó lè borí gbogbo ariwo náà. Àmì tí ariwo ń fi sílẹ̀ lórí ìwé ìlà hàn kedere: ìlà á dára títí, á já wọ kòtò ní àyíká 4,000 Hertz, á tún gòkè díẹ̀. Kòtò yìí ń yọ ṣáájú kí ẹni náà tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Òun ni mo ṣe ń sọ pé kò yẹ kí a dúró de ìgbà tí etí bá dí. Ẹni tó rí kòtò náà ní ẹni ọdún 30 ṣì lè fi nǹkan dí etí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì fi èyí tó kù sọwọ́ ogbó.

Ti ọmọ ìkókó ló ń ká mi lára jù. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn rárá lè yíjú padà bí ìdérí ìkòkò bá ṣubú, nítorí pé ilẹ̀ mì, tàbí pé ó rí òjìji ìyá rẹ̀. Ó tún máa ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń ké, ó máa ń dá ohùn ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ bíi ti ọmọ yòókù. Ó lè pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó fura, wọ́n á sì tún ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ọpọlọ fi ń kọ́ èdè. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò kó tó pé oṣù kan, kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é dájú kó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ìkókó kò lè tẹ bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Ní 1978, David Kemp, onímọ̀ kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ṣàwárí pé etí inú tó yè máa ń dá ohùn kékeré kan padà bí ohùn bá wọ inú rẹ̀. Gbohùngbohùn kékeré tí wọ́n fi sínú ihò etí ọmọ tó ń sùn lè gbọ́ ọ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú ìdánwò kejì, wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ láti mọ̀ bóyá iṣan ń gbé ohùn dé ọpọlọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ti òyìnbó ni èyí, pé kò lè ṣeé ṣe nílùú wa, Èkó gan-an ti dá a lóhùn. Olúsànyà, dókítà ọmọdé tí mo dárúkọ lókè, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, ròyìn nínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2008 bí wọ́n ṣe yẹ etí ọmọ tó ju 2,000 lọ wò ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG ní Èkó. Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà ló lo ẹ̀rọ. Ọgbọ́n wà nínú ibi tí wọ́n yàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyá ló ń bímọ sílé tàbí sílé agbẹ̀bí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ṣì ń gbé ọmọ lọ gba BCG. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n ní kó padà wá fún àyẹ̀wò ìkẹyìn ni wọ́n gbé padà wá. Ẹ̀rọ ti ṣe tirẹ̀, ilé ni kò tíì gbà gbọ́.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ ni ti owó. Kí ni èrè kí a mọ̀ pé etí bàjẹ́, nígbà tí owó ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò sí? Mi ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ̀rọ náà wọ́n, bátìrì rẹ̀ ń fẹ́ owó, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Kòṣọ̀fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ọjọ́ta wà, kò lè rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àtakò yìí ti gbà kí ìdánwò tó wáyé pé ẹ̀rọ ni gbogbo etí ń fẹ́. Ẹni tí èérí dí etí rẹ̀ kò fẹ́ ẹ̀rọ, ẹni tí omi wà lẹ́yìn awọ ìlù rẹ̀ lè má fẹ́ ẹ, wọ́n sì lè lẹ awọ tó lu. Láìsí ìdánwò, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa ra oògùn tí kò bá a mu lóṣooṣù, owó náà á sì pọ̀ ju ti ìdánwò lọ. Ẹni tí etí inú rẹ̀ bàjẹ́ tí kò sì rí owó ẹ̀rọ ṣì ní ohun tó lè ṣe: ọmọ ilé ìwé lè lọ jókòó síwájú, ará ilé lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjú sí i kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, dókítà lè yẹra fún oògùn tó máa ba èyí tó kù jẹ́. Ọmọ tí kò gbọ́ rárá sì lè bẹ̀rẹ̀ èdè ọwọ́ ní kékeré, kí ó má dàgbà láìní èdè kankan. Ilé ìwé Wesley fún àwọn adití ní Súrùlérè ti pẹ́ tó ti ń kọ́ wọn. Ní ti àwọn tó ní àgbà ló dé, pé kò sí àtúnṣe, etí àgbà máa ń dí lọ́gbọọgba lápá méjèèjì, díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló dí, tàbí tó ń ṣọyún, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Láti ọdún 2017 sì ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn Lancet gbé kalẹ̀ ti ka etí dídí mọ́ àwọn ohun tó ń fi kún ewu kí iyè àgbàlagbà máa rà, tí a sì lè ṣe nǹkan sí.

Ó ku àwọn tó ní ayé ló di etí àwọn. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, àmọ́ àrùn kan wà tí ìgbàgbọ́ yìí ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lọ́nà tó burú. Ènìyàn lè sùn kó jí kí etí kan má gbọ́ mọ́, tàbí kó dín kù gidigidi láàrin ọjọ́ mẹ́ta, tí etí náà á máa hó, tí òòyì lè máa kọ́ ọ. Nítorí pé ó dé lójijì, ọ̀dọ̀ wòlíì tàbí babaláwo ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gbà lọ. Dókítà ní oògùn tó lè ran irú etí yìí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ jù; lẹ́yìn oṣù kan, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó lè ṣe mọ́. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà lọ́jọ́ kan náà. Láti Ọjọ́ta, kò jìnnà. Bó bá jẹ́ Ìdí-Àràbà ló sún mọ́ ẹ̀yin, LUTH wà níbẹ̀. Ẹ̀ka ìtọ́jú etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn méjèèjì.

Ẹni tí kò lè tètè lọ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé áàpù ọ̀fẹ́ kan jáde ní 2019, hearWHO ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ka nọ́ńbà síni létí láàrin ariwo, ẹni náà á tẹ èyí tó gbọ́. Ó lè sọ pé kí a lọ yẹ etí wò, kò lè sọ ibi tó ti dí. Bákan náà ni àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ kánópì ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí: ó dára láti fi ṣàwárí ẹni tó yẹ kó lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n níbi tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń dún lẹ́yìn kánópì, etí tó yè náà lè dà bí èyí tó dí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fúnni lórí irú èsì bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti dán ti eegun wò pẹ̀lú ti afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dán yín wò, tí Yorùbá sì ni ẹ ń sọ nílé, ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá ṣe é, kó má lọ jẹ́ òyìnbó ni wọ́n dán wò dípò etí. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìlà náà, kí ẹ fi pa mọ́ pẹ̀lú káàdì ilé ìwòsàn yín, nítorí pé ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni dókítà máa fi wo èyí tí ẹ bá tún ṣe lọ́dún mìíràn, láti mọ̀ bóyá ìlà náà dúró síbi tó wà tàbí ó tún ti já.